Ẹlẹ́mùú Tí Kò Gbé Ẹ̀mú

Kòkòrò kan ń gbé inú irun òkété. Kò ní ìyẹ́, kò ní ojú, kò sì ní ẹ̀mú nídìí. Síbẹ̀, nígbà tí àwọn onímọ̀ pín gbogbo kòkòrò ayé sí ọ̀wọ́ bí 30, àárín àwọn kòkòrò tí ẹ̀mú ìdí wọn la fi ń dá wọn mọ̀ ni wọ́n kà á mọ́. Ọ̀rọ̀ yìí kò kúrò lọ́kàn mi láti bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Bí ohun tí a fi ń dá ẹbí kan mọ̀ bá ti kúrò lára ọmọ, kí ló kù tí a fi ń pè é ní ọmọ ẹbí náà?

Èyí tó gbé ẹ̀mú kì í ṣe àjèjì sí ẹni tó bá ń dáko láti Ìsánlú dé Kábbà ní ìpínlẹ̀ Kogi. Bí a bá ń bó àgbàdo tútù, tàbí tí a tú ewé tó wé mọ́ ọkàn àgbàdo, ó máa ń sáré jáde: ó gùn, ó pẹlẹbẹ, àwọ̀ rẹ̀ pọ́n rúsúrúsú tàbí kó ṣú díẹ̀, ìdí rẹ̀ sì là sí méjì bí ẹ̀mú alágbẹ̀dẹ. Earwig ni wọ́n ń pè é lédè Gẹ̀ẹ́sì, Dermaptera sì ni orúkọ ọ̀wọ́ rẹ̀. Ẹlẹ́mùú ni n ó máa pè é níbí. Irú rẹ̀ tí a ti mọ̀ káàkiri ayé tó nǹkan bí 2,000. Pé ó máa ń wá etí ènìyàn wọ̀ kó lè jẹ ọpọlọ, irọ́ gbáà ni. N kò ní fi àkókò ṣòfò lórí ìyẹn.

Inú irun òkété

Hemimerus ni orúkọ tí ìwé fún ti ara òkété. Kò gùn ju sẹ̀ǹtímítà kan sí ọ̀kan àbọ̀ lọ. Ara rẹ̀ fẹ̀, ó pẹlẹbẹ, ó sì ń dán, kí ó lè máa rìn láàárín irun láìsí ìdíwọ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà kúrú, wọ́n nípọn, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ sì ní tìmùtìmù kékeré tí ó fi ń lẹ̀ mọ́ irun. Níbi tí ẹ̀mú ì bá wà, okùn tẹ́ẹ́rẹ́ méjì ló nà jáde níbẹ̀, irun wẹ́wẹ́ sì bò wọ́n.

Ẹ má ṣe kà á mọ́ iná tàbí eégbọn. Kì í mu ẹ̀jẹ̀. Ẹnu ìjẹun ni ẹnu rẹ̀, kì í ṣe ẹnu ìfàmu. Èépá ara òkété àti olú wẹ́wẹ́ tó ń hù sí awọ rẹ̀ ló ń jẹ. Òkété kò sì ń ṣàìsàn nítorí rẹ̀. Ara òkété ńlá yìí, Cricetomys, tó ń kó oúnjẹ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ tí ìrù rẹ̀ sì funfun láti àárín dé ṣóńṣó, nìkan ni Hemimerus ń gbé. Irú kòkòrò bẹ́ẹ̀ tí a ti mọ̀ kò ju bí 11 lọ, Áfíríkà nìkan ni gbogbo wọn sì wà. Àwọn díẹ̀ nínú wọn ń gbé ara eku mìíràn ní ìlà-oòrùn Áfíríkà.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni bí ó ṣe ń bímọ. Kì í yé ẹyin. Inú ìyá ni ọmọ ti ń dàgbà, ara ìyá ló ń bọ́ ọ níbẹ̀, bí ó bá sì jáde, ó ti jọ ìyá rẹ̀ tán, ó kàn kéré ni. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ń bí wọn. Èrò ọkàn mi ni pé ẹni tó bá mọ ìwà ẹlẹ́mùú inú oko kò ní ka èyí sí àjèjì pátápátá. Abo ẹlẹ́mùú inú oko máa ń gbẹ́ ihò sílẹ̀, á yé ẹyin bí 20 sí 50 síbẹ̀, á sì jókòó tì wọ́n. Ó ń yí wọn padà, ó ń lá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan kí olú má bàa hù sí wọn lára. Bí ènìyàn bá mú ìyá kúrò nídìí ẹyin, olú ni yóò pa ọ̀pọ̀ jù nínú wọn. Àwọn ọmọ tó bá jáde nínú ẹyin yóò sì wà lọ́dọ̀ rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ kí wọ́n tó túká. Nínú kòkòrò tí kì í ṣe oyin, èèrà tàbí ikán, irú ìtọ́jú báyìí kò wọ́pọ̀.

Ètè kejì tí kò sí níbẹ̀

Ní 1871, Francis Walker, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń to àwọn kòkòrò inú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìlú London sínú ìwé, ló kọ́kọ́ fún kòkòrò yìí lórúkọ: Hemimerus talpoides. Àárín àwọn ìrẹ̀ ló tò ó sí. Kò burú fún ẹni tó ń wo òkú kòkòrò gbígbẹ tí kò mọ ibi tí wọ́n ti mú un.

Ọdún 8 lẹ́yìn ìyẹn, ní 1879, Henri de Saussure, ọmọ ilẹ̀ Switzerland, wo ẹnu rẹ̀. Kí á tó lóye ohun tó rò pé òun rí, ẹ jẹ́ ká rántí ohun tó yẹ kó wà lẹ́nu kòkòrò tí ń jẹun. Ètè òkè wà. Àgbọ̀n líle méjì wà tí ń gé nǹkan. Àgbọ̀n kejì tó rọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ wà lẹ́yìn wọn, méjì ni òun náà. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀ ni ètè ìsàlẹ̀, tó jẹ́ pé ẹ̀yà ara méjì ló lẹ̀ pọ̀ di ọ̀kan. Bẹ́ẹ̀ ni ẹnu tata rí, bẹ́ẹ̀ ni ti aáyán, bẹ́ẹ̀ ni ti yímíyímí. De Saussure ní ètè ìsàlẹ̀ kejì wà lẹ́nu Hemimerus, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì.

Bí ìyẹn bá jẹ́ òótọ́, kòkòrò yìí kò lè jẹ́ ìbátan kòkòrò kankan láyé. Nítorí náà ó dá ọ̀wọ́ tuntun sílẹ̀ fún un nìkan, ó pè é ní Diploglossata, ìyẹn àwọn aláhọ́n méjì. N kò lè dá a lẹ́bi lórí ìrònú rẹ̀. Kòkòrò tí ẹnu rẹ̀ yàtọ̀ tó bẹ́ẹ̀ yẹ fún ọ̀wọ́ tirẹ̀. Ohun tó rí ni kò rí bẹ́ẹ̀.

Ọdún 15 kọjá. Ní 1894, Hans Jacob Hansen, ọmọ ilẹ̀ Denmark, tú ẹnu kòkòrò náà palẹ̀ ní ègé kọ̀ọ̀kan, ó sì yẹ gbogbo rẹ̀ wò. Ètè òkè nìyí. Àgbọ̀n líle nìyí. Àgbọ̀n kejì nìyí. Ètè ìsàlẹ̀ nìyí, ọ̀kan ṣoṣo. Kò sí òmíràn. Ó tún yẹ inú abo wò, ó bá ọmọ níbẹ̀, ìgbà yẹn ni a tó mọ̀ pé kì í yé ẹyin. Nígbà tó sì fi ẹnu rẹ̀ àti ìyókù ara rẹ̀ wé ti àwọn kòkòrò mìíràn, ọ̀dọ̀ àwọn ẹlẹ́mùú ni gbogbo rẹ̀ dojú kọ.

Mo dúró pẹ́ lórí ọdún 1894 yìí nítorí pé Hansen kò fi kún ohun tí a mọ̀ ní ti ètè yẹn. Ó yọ kúrò nínú rẹ̀ ni. Ọ̀wọ́ odidi kan dá lé orí ẹ̀yà ara kan tí kò sí. Ọjọ́ tí ẹ̀yà ara náà pòórá, kòkòrò náà di ẹni tó ní ẹbí. Kò tètè wọlé ṣá o. Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, àwọn kan ṣì ń fi í sí ọ̀wọ́ ọ̀tọ̀, àwọn mìíràn ń fi í sí ẹnu ọ̀nà ilé ẹlẹ́mùú, wọn kò jẹ́ kó wọ yàrá. Bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba: iṣẹ́ kan tó jáde ní 2005, tí wọ́n fi DNA pẹ̀lú ìrísí ara ṣe, fi hàn pé inú ilé gan-an ló wà, láàárín àwọn tó gbé ẹ̀mú. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ẹlẹ́mùú mìíràn, Arixenia, tó ń bá àdán gbé ní gúúsù ìlà-oòrùn Éṣíà. Òun náà kò ní ìyẹ́, ẹ̀mú rẹ̀ náà kò sì rí bí ẹ̀mú.

Okùn ló di ẹ̀mú

Ìbéèrè tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ní ìdáhùn tó ṣeé fojú rí, ara àwọn ọmọ ẹlẹ́mùú ló sì wà. Ọ̀pọ̀ kòkòrò tó sún mọ́ wọn, bí ìrẹ̀ àti aáyán, ní okùn méjì nídìí. Ẹ wo aáyán dáadáa, ẹ ó rí i. Nínú ẹlẹ́mùú, okùn méjèèjì yẹn ló le tó di ẹ̀mú. Àwọn ẹlẹ́mùú kan wà, àwọn tí ìwé ń pè ní Diplatyidae, tí ọmọ wọn ń gbé okùn gígùn olóríkèéríkèé kiri ní gbogbo ìgbà èwe. Ìgbà tó bá bọ́ awọ ìkẹyìn, okùn náà yóò lọ, ẹ̀mú yóò sì dípò rẹ̀. Bí ẹnìkan bá rí ọmọ àti àgbà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ó lè búra pé wọn kò bá ara wọn tan. Okùn ìdí Hemimerus, ẹ̀yà ara kan náà ni. Òun ni kò di ẹ̀mú.

Ìdí nìyẹn tí n kì í fi ohun tí kòkòrò gbé lọ́wọ́ tàbí nídìí ṣe ìdájọ́ àkọ́kọ́ mọ́. Gbogbo alángbá ló da ikùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Bí ó ṣe ń dàgbà ni mo kọ́kọ́ ń bèèrè. Yímíyímí, labalábá, eṣinṣin àti kòkòrò inú ẹ̀wà ń gba ipò ìdin, wọ́n á sì wọ ipò ìdákẹ́jẹ́ẹ́ kan níbi tí wọn kì í jẹun, kí wọ́n tó jáde pẹ̀lú ìyẹ́. Ẹlẹ́mùú kò mọ ìyẹn. Ọmọ rẹ̀ ti jọ àgbà láti ọjọ́ tó jáde nínú ẹyin; yóò bọ́ awọ ní ẹ̀ẹ̀mẹrin sí márùn-ún, ìyẹ́ rẹ̀ yóò máa gùn sí i díẹ̀díẹ̀, ó parí. Bí ẹ bá sì rí ọ̀kan tó funfun bí wàrà láàárín àwọn tó pọ́n, kì í ṣe irú ọ̀tọ̀, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ awọ ni. Ara rẹ̀ yóò pọ́n láàárín wákàtí mélòó kan.

Carl Linnaeus alára kò wo ìyẹn. Ní 1758, ọ̀wọ́ yímíyímí ló fi ẹlẹ́mùú sí, nítorí pé ìyẹ́ òkè méjèèjì le, wọ́n sì bo ìyẹ́ ìsàlẹ̀ mọ́lẹ̀. De Geer fi orúkọ náà Dermaptera sílẹ̀ ní 1773, ṣùgbọ́n ó kó tata àti àwọn mìíràn mọ́ ọn. Leach ló fi í sílẹ̀ fún ẹlẹ́mùú nìkan ní 1815. Ìyẹ́ ìsàlẹ̀ yẹn gan-an ni ohun tó rẹwà jù lára wọn. Ó tẹ́jú bí a bá tẹ́ ẹ, ó tinrin, a lè rí òdìkejì nínú rẹ̀, ó sì ń ká sínú ara rẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ìgbà títí yóò fi kéré ju ìdá mẹ́wàá ìwọ̀n rẹ̀ lọ. Àwọn irú kan ń fi ẹ̀mú ìdí tì í wọlé.

Ibi tí ìrísí ti ń pa ènìyàn lára gan-an ni ọ̀rọ̀ kòkòrò tí ìwé ń pè ní Paederus. Ìbátan yímíyímí ni, ṣùgbọ́n ìyẹ́ òkè rẹ̀ kúrú bíi ti ẹlẹ́mùú, ó gùn, ó sì tẹ́ẹ́rẹ́. Dúdú àti pupa bí osàn ló tò tẹ̀lé ara wọn lára rẹ̀. Kò ní ẹ̀mú. Ó máa ń ká ìdí sókè bó ti ń rìn. Ní àkókò òjò, iná mànàmáná ń fà á wọlé lálẹ́. Kò lè ta, kì í sì í géni jẹ, ṣùgbọ́n bí a bá gbá a mọ́ ara, oró inú rẹ̀ yóò jó awọ. Ní ọjọ́ kejì ni ibẹ̀ yóò máa ta, tí yóò sì léròrò. Ẹ fẹ́ ẹ dànù ni, ẹ má fi ọwọ́ gbá a. Bó bá ti fọ́ mọ́ ara, ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ibẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ẹ má sì fi ọwọ́ kan ojú. Ẹlẹ́mùú tí ọ̀pọ̀ ń pa nítorí irú egbò báyìí kò ní oró kankan. Ẹ̀mú rẹ̀ lè fún ọmọ ìka díẹ̀, ó tán.

Àwọn ìbátan ẹlẹ́mùú tòótọ́ ni tata, ìrẹ̀, aáyán àti ikán. Ikán náà kò pẹ́ tó pàdánù ọ̀wọ́ tirẹ̀: DNA fi hàn ní 2007 pé inú ìdílé aáyán ló ti wá. Ní 2014, iṣẹ́ ńlá kan tó fi 1,478 àbùdá wé ara wọn fi ẹlẹ́mùú sí ẹ̀gbẹ́ àwọn kòkòrò kékeré kan tó ń gbé abẹ́ èèpo igi jíjẹrà, Zoraptera. Wọn kò jọra rárá.

Lọ́kàn àgbàdo

Fún àgbẹ̀ Mọ̀pà tàbí Ìyàrà, ohun tó ṣe pàtàkì nínú gbogbo èyí ni pé ẹnu ẹlẹ́mùú kò lè gbẹ́ ihò sínú pòròpórò. Bí ẹ bá bá a nínú ihò, ìdin ló gbẹ́ ihò náà ṣáájú rẹ̀. Ìgbẹ́ tó dà bí èéfọ́ pákó tútù lọ́kàn àgbàdo, ti ìdin ni. Fall armyworm, ìdin labalábá òru kan tó wọ Nàìjíríà ní 2016, ni ẹ óò sì sábà bá nídìí rẹ̀: àmì funfun bíi lẹ́tà Y tí a dojú rẹ̀ dé wà níwájú orí rẹ̀, àmì dúdú mẹ́rin sì tò ní igun mẹ́rin sí ẹ̀yìn rẹ̀ lápá ìdí.

Ẹlẹ́mùú olórí pupa tó wọ́pọ̀ nínú àgbàdo Áfíríkà, Diaperasticus erythrocephalus, ń jẹ ẹyin àti ọmọ ìdin yìí. Òru ló ń ṣọdẹ. Ní ọ̀sán, ọkàn àgbàdo àti abẹ́ ewé tó wé mọ́ pòròpórò ló ń sá pamọ́ sí, ibẹ̀ gan-an sì ni a ń da òògùn sí. Òògùn bíi cypermethrin àti lambda-cyhalothrin kò mọ ọ̀tá yàtọ̀ sí ọ̀rẹ́. Ìdin ńlá tó ti wọ inú lọ, tí ìgbẹ́ rẹ̀ sì dí ẹnu ọ̀nà, lè là á já. Ẹlẹ́mùú ni yóò kú. Ẹyin tí labalábá òru bá tún yé síbẹ̀ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e kò ní olùjẹ mọ́.

Nítorí náà, ẹ kà kí ẹ tó fọ́n. Láti ìgbà tí àgbàdo bá ti pé ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, ẹ rìn nínú oko bí ẹni ń kọ lẹ́tà W, ẹ dúró ní ibi márùn-ún, ẹ yẹ ìdí 20 wò níbì kọ̀ọ̀kan. Ìdí 100 nìyẹn, iye tó bá ní ìdin tàbí ewé tuntun tí ìdin ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ ni ìpín nínú ọgọ́rùn-ún. Bí àgbàdo ṣì kéré tí iye náà kò sì tó 20, ẹ má fọ́n òògùn. Bó ti ga ṣùgbọ́n tí kò tíì yọ òdòdó, ẹ jẹ́ kí iye náà tó bíi 40 kí ẹ tó fọ́n. Bó bá ti yọ òdòdó, kò sí èrè nínú fífọ́n mọ́. Ẹ ka ẹlẹ́mùú náà pẹ̀lú, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Òwúrọ̀ kùtù ló dára jù, kí oòrùn tó lé e wọ ìsàlẹ̀. Àpò ẹyin tí ẹ bá rí lábẹ́ ewé, tí nǹkan bí òwú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò, ọwọ́ ni kí ẹ fi rún un: 100 sí 200 ìdin lè wà nínú ọ̀kan.

Òtítọ́ ni pé ẹlẹ́mùú náà ń jẹ àtíkè òdòdó àgbàdo, ó sì lè gé irun rẹ̀ díẹ̀. Mo ti gbé èyí àti àǹfààní rẹ̀ sórí ìwọ̀n, àǹfààní ló tẹ̀wọ̀n jù. Ẹni tó bá sì ń sun gbogbo koríko àti pòròpórò oko rẹ̀ nígbà ọyẹ́, ilé ẹlẹ́mùú ló ń sun.

Bí ẹ bá fẹ́ yẹ òkété wò

Ọ̀nà tí à ń gbà ṣe òkété ni kì í jẹ́ ká rí Hemimerus: bí wọ́n bá ti mú un dé, iná ni wọ́n ń fi wi í, gbogbo ohun tó wà nínú irun yóò sì jóná. Kí iná tó kàn án ni kí ẹ wò ó, láìpẹ́ sí ìgbà tí wọ́n pa á, torí kòkòrò yìí kì í pẹ́ láyé bí kò bá sí lára òkété. Ẹ kọ́kọ́ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà. Òkété wà lára àwọn ẹranko láti Ghana tó gbé àrùn mpox dé Amẹ́ríkà ní 2003, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ọwọ́ lásán tú irun rẹ̀.

Ẹ tẹ́ aṣọ funfun sílẹ̀, ẹ gbé òkété lé e, ẹ fi òòyà eléyín wẹ́wẹ́ ya irun rẹ̀ láti ìdí lọ sí orí, lòdì sí bó ṣe sùn. Èyí tó bá fò, tó sì tẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́, kì í ṣe òun. Èyí tó ní ẹsẹ̀ mẹ́jọ, eégbọn ni. Èyí tó pọ́n, tó pẹlẹbẹ, tó ń sáré padà sínú irun, tí okùn méjì sì wà nídìí rẹ̀, òun ni ẹ̀ ń wá. Ẹ fi ìgbálẹ̀ ẹlẹ́yọ kan tí ẹ ti rì sómi gbé e sínú ìgò kékeré tí ọtí líle tó tó ìdá 70 sí 80 nínú ọgọ́rùn-ún wà. Ògógóró lásán kò lágbára tó, kòkòrò yóò rà nínú rẹ̀. Ethanol tí wọ́n ń tà ní ilé ìtajà oògùn ni kí ẹ lò. Ẹ kọ orúkọ ìlú, ọjọ́, àti pé ara òkété ni ẹ ti mú un sórí bébà kékeré, kí ẹ sì fi bébà náà sínú ìgò pẹ̀lú kòkòrò, kì í ṣe sára ìgò níta. Pẹ́ńsù ni kí ẹ fi kọ ọ́, nítorí ọtí yóò fọ íǹkì bírò dànù kí ó tó dé ọwọ́ ẹni tí yóò yẹ ẹnu rẹ̀ wò.